Kí ló wà nínú 4,294,967,295?

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà lè ti bá nọ́ńbà yìí pàdé rí. Ètò kan tó yẹ kó sọ pé kò ku nǹkan kan mọ́ á ṣàdédé gbé e síta pé ó ku 4,294,967,295. Ẹni tó rí i á ní orí kọ̀ǹpútà ti dàrú, pé ohun tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà yìí ní orísun, orísun náà sì ṣeé ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò.

Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà kọ́ ló jẹ mí lógún jù. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ wò ni inú nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la gbà pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe ṣòroó mọ̀ tó. Bí nọ́ńbà ṣe tóbi tó kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀ ni. 4,294,967,295 tóbi lóòótọ́, síbẹ̀ bébà kan àti bírò kan tó láti tú u palẹ̀ tán. Èyí tó fi méjì péré jù ú lọ, 4,294,967,297, ṣi ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó lórúkọ jù lọ láyé lọ́nà, ó sì lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí ẹnì kan tó rí ìdí rẹ̀.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Àmì mẹ́wàá ni àwa fi ń ka nǹkan, láti 0 dé 9. Méjì péré ni kọ̀ǹpútà ní, 0 àti 1. Àyè kan tó lè gba 0 tàbí 1 ni wọ́n ń pè ní bíìtì. Bíìtì kan lè sọ ohun méjì. Bíìtì méjì lè sọ mẹ́rin: 00, 01, 10, 11. Bíìtì mẹ́ta lè sọ mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fi bíìtì kan kún un ni iye ohun tó lè sọ ń di ìlọ́po méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíìtì 32 ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà kan nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá to 2 méjìlélọ́gbọ̀n sílẹ̀ tí ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, 4,294,967,296 lẹ óò kàn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń kọ ọ́ ní 2³² kí ọwọ́ má baà ro wọ́n. Èmi náà yóò máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó bá yẹ.

Iye ohun tí bíìtì 32 lè sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n 0 wà lára wọn, òun ló sì ṣáájú. Nítorí náà èyí tó gbẹ̀yìn kì í ṣe 2³², ó dín ọ̀kan: 4,294,967,295. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dé orí rẹ̀, 1 ló wà nínú gbogbo bíìtì méjèèjìlélọ́gbọ̀n. Bí ẹ bá tún fi 1 kún un, kò sí bíìtì kẹtàlélọ́gbọ̀n tí yóò gba èyí tó yẹ kó ré kọjá, gbogbo rẹ̀ á sì padà di 0, bí mítà ọkọ̀ ṣe ń padà sí òdo nígbà tí 9 bá ti kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí 0 tí ẹ yọ 1 kúrò, ẹ̀yìn ni yóò gbà yọ: á fò sórí èyí tó gbẹ̀yìn. Àṣìṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan ló kọ ètò tó yọ 1 kúrò nínú 0 láìṣọ́ra.

Ààlà yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ níbi púpọ̀. Windows 95 àti Windows 98 lè dákú bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ láìpa fún ọjọ́ 49 àti nǹkan bíi wákàtí 17. Ìdí ni pé wọ́n ń fi bíìtì 32 ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tàn, ìyẹn sì ni àkókò tí kíkà náà ń kún. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́, IPv4, náà kò ju bíìtì 32 lọ. A máa ń kọ ọ́ ní nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró là láàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ni 255.255.255.255, nọ́ńbà wa gan-an sì ni lábẹ́ aṣọ mìíràn. Àdírẹ́sì 4,294,967,296 nìkan ló lè wà, èèyàn inú ayé sì ti ju ìyẹn lọ tipẹ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 2011 ni IANA, tó ń bójú tó wọn lágbàáyé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ìdí tí IPv6, tó ní bíìtì 128, fi wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀

Nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní prime: 2, 3, 5, 7, 11, 13, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìlópin. Gbogbo nọ́ńbà odindi tó bá ju 1 lọ, bí kò bá jẹ́ prime fúnra rẹ̀, àwọn prime la sọ di púpọ̀ pọ̀ kó tó jẹ́ òun. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti ṣe é. Ẹ lè pààrọ̀ ètò wọn, ẹ lè fi 5 ṣáájú 3, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi prime mìíràn rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa nọ́ńbà ńlá ni pé, àwọn prime wo ló wà nínú rẹ̀?

Nọ́ńbà wa fúnra rẹ̀ ń fi méjì hàn lójú. 5 ló parí rẹ̀, nítorí náà 5 pín in láìṣẹ́kù. Ẹ tún ro àwọn díjíìtì rẹ̀ pọ̀: 4 + 2 + 9 + 4 + 9 + 6 + 7 + 2 + 9 + 5, ó jẹ́ 57. 3 pín 57 láìṣẹ́kù, nítorí náà ó pín nọ́ńbà náà. 9 kò pín 57, nítorí náà kò pín in. Bí a bá yọ 3 àti 5 kúrò, ìyẹn bí a bá fi 15 pín in, 286,331,153 ló kù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti jáwọ́, torí pé 286,331,153 kò jọ ohun tó ní ìlẹ̀kùn.

Ẹ má fi agbára wọ̀ ọ́. Ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ rántí pé 2³² tó dín ọ̀kan ni nọ́ńbà wa. Òfin kan wà tí mo nífẹ̀ẹ́ sí ju gbogbo òfin ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ mú nọ́ńbà yòówù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ yọ 1 kúrò. Ohun tó kù ni èyí tó fi ọ̀kan dín sí nọ́ńbà yẹn lọ́nà èyí tó fi ọ̀kan jù ú lọ. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Ẹ yọ 1, ó ku 99. 9 lọ́nà 11 sì ni 99. 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49. Ẹ yọ 1, ó ku 48. 6 lọ́nà 8 sì ni 48. Kò ní já yín kulẹ̀ láé.

Ó wá jẹ́ pé 65,536 lọ́nà 65,536 ni 4,294,967,296. Ẹ yọ 1 kúrò, kí ẹ lo òfin náà:

4,294,967,295 = 65,535 × 65,537

Ẹ wo 65,535 dáadáa. 256 lọ́nà 256 ni 65,536, nítorí náà òun náà jẹ́ ìlọ́po ara ẹni tó dín ọ̀kan. Òfin kan náà tún ṣiṣẹ́, ó sì tún ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn:

65,535 = 255 × 257
255 = 15 × 17
15 = 3 × 5

Ó parí. Ẹ kó wọn jọ:

4,294,967,295 = 3 × 5 × 17 × 257 × 65,537

Nọ́ńbà tó ní díjíìtì mẹ́wàá ti túká sí márùn-ún ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, a kò sì lo ẹ̀rọ ìṣirò kankan. Prime ni gbogbo wọn. Ti 3, 5 àti 17 kò nílò ẹ̀rí. Ti 257, ẹ dán 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 wò, kò sí èyí tó pín in, ó tán nìyẹn, torí pé 17 lọ́nà 17 ti ju 257 lọ. Ti 65,537 gba sùúrù: prime 54 tó wà lábẹ́ 256 lẹ óò dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní àkókò lè ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ tún kíyè sí ìrísí wọn. 3 jẹ́ 2 àti ọ̀kan. 5 jẹ́ 4 àti ọ̀kan. 17 jẹ́ 16 àti ọ̀kan. 257 jẹ́ 256 àti ọ̀kan. 65,537 jẹ́ 65,536 àti ọ̀kan. 2, 4, 16, 256, 65,536: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Ìlà yìí ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́.

Ohun tí àwọn prime náà ń sọ fún wa

Tí inú nọ́ńbà bá ti hàn, ìbéèrè tó dà bí òkè tẹ́lẹ̀ á di ìṣirò kékeré. Nọ́ńbà mélòó ló lè pín 4,294,967,295 láìṣẹ́kù? Kò sí ìdí láti dán bílíọ̀nù mẹ́rin wò. Ohunkóhun tó bá pín in, inú àwọn prime márùn-ún yìí ló ti mú tirẹ̀: yálà ó mú 3 tàbí kò mú un, yálà ó mú 5 tàbí kò mú un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì, nígbà márùn-ún: 2 × 2 × 2 × 2 × 2, ìyẹn 32. Bíìtì 32 ló bí i, olùpín 32 ló sì ní. Bí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀, 7,304,603,328 ni.

Kò sí prime tó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì sí nọ́ńbà odindi méjì tí ẹ lè sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sì kan 4,294,967,295. 3 tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló dí ọ̀nà yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò tún kàn án.

Ohun tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ká ní a to gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 4,294,967,295, mélòó nínú wọn ni kò ní olùpín kankan tí òun àti nọ́ńbà wa jọ ní àfi 1? Ẹ kọ́kọ́ fi 15 wò ó. Àwọn tó wà láti 1 dé 15 tí 3 kò pín, tí 5 kò sì pín, ni 1, 2, 4, 7, 8, 11, 13 àti 14. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ọ̀nà àbùjá sí mẹ́jọ ni pé kí ẹ yọ 1 kúrò lára prime kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ wọ́n di púpọ̀: 3 di 2, 5 di 4, 2 × 4 = 8. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà wa:

2 × 4 × 16 × 256 × 65,536 = 2,147,483,648

Ẹ wá bi ìbéèrè kan náà nípa èyí tó tẹ̀lé e, 4,294,967,296. 2 nìkan ló wà nínú ìyẹn, nítorí náà àwọn tí 2 kò pín ni yóò kù, ìdajì gbogbo wọn. Ìdajì 4,294,967,296 ni 2,147,483,648. Wọ́n bá ara wọn dọ́gba! Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, tí inú wọn kò jọra rárá, tí wọn kò ní prime kankan tó pa wọ́n pọ̀, síbẹ̀ tí iye yìí jẹ́ ọ̀kan náà fún méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 15 àti 16, tí ó jẹ́ 8 fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni 255 àti 256, tí ó jẹ́ 128. Mi ò rò pé ó yẹ kí èèyàn ka èyí kọjá láìdúró.

Ohun kékeré kan tó tún jọ èyí: ẹ fi 255 pín nọ́ńbà wa, ẹ óò kan 16,843,009, tó jẹ́ 257 × 65,537. Tí ẹ bá kọ 16,843,009 bí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, 1.1.1.1 ni. Ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí pé 1.1.1.1 lọ́nà 255 ni 255.255.255.255.

Aládùúgbò tó ṣi Fermat lọ́nà

Ní ọdún 1640, Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé tó ń fi ìṣirò najú, ń wo ìlà kan náà tí àwa ń wò yìí: 3, 5, 17, 257, 65,537. Prime ni gbogbo wọn. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó dá òun lójú pé bí èèyàn bá ń bá ìlà náà lọ, prime ni yóò máa rí títí láé. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹ̀rí rẹ̀. Èyí tó kàn nínú ìlà náà ni 65,536 lọ́nà ara rẹ̀ àti ọ̀kan: 4,294,967,297.

Ní ọdún 1732 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, kéde pé kì í ṣe prime: 641 × 6,700,417 ni. Kì í ṣe pé Euler kàn ń dán nọ́ńbà wò lọ kiri. Ó fi hàn lẹ́yìn náà pé prime tó bá lè pín 4,294,967,297 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 64 kan àti 1 lórí rẹ̀. Ìyẹn ti lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ dànù. Prime tó bá ìlànà yẹn mu ni 193, lẹ́yìn náà 257, 449, 577, lẹ́yìn náà 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló bọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá ti mọ ibi tó yẹ kó wò ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan péré ni ì bá jẹ́.

Ẹ kò tiẹ̀ ní láti pín nọ́ńbà ńlá náà kí ẹ tó rí i pé 641 wà nínú rẹ̀. Ẹ wo 641 ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, 641 jẹ́ 640 àti 1, 640 sì jẹ́ 5 × 2⁷. Èkejì, 641 jẹ́ 625 àti 16, ìyẹn 5⁴ + 2⁴. Ẹ mú èkejì yìí, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 2²⁸. 5⁴ lọ́nà 2²⁸ á di 640⁴, torí pé 5 mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba 2⁷ kan. 2⁴ lọ́nà 2²⁸ á di 2³². Nítorí náà:

641 × 2²⁸ = 640⁴ + 2³²

641 pín ohun tó wà lápá ọ̀tún láìṣẹ́kù nìyẹn. Ẹ wá wo 640⁴ − 1. Òfin tí a fi tú nọ́ńbà wa ni kí ẹ lò: 640⁴ − 1 ní 640² − 1 nínú, 640² − 1 sì jẹ́ 639 × 641. 641 pín òun náà. Bí 641 bá pín ohun méjì láìṣẹ́kù, ó gbọ́dọ̀ pín ohun tó wà láàárín wọn. Ẹ yọ 640⁴ − 1 kúrò nínú 640⁴ + 2³². 640⁴ méjèèjì pa ara wọn rẹ́, 2³² + 1 ló sì kù, ìyẹn 4,294,967,297. Ẹ̀rí pípé nìyẹn, kò sì sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀ tó le fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tó yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà Euler pé prime kò lè jẹ́ àròpọ̀ ìlọ́po ara ẹni méjì ní ju ọ̀nà kan lọ. Nọ́ńbà wa kò lè ṣe é rárá, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe é ní ọ̀nà méjì:

4,294,967,297 = 65,536² + 1²
4,294,967,297 = 62,264² + 20,449²

Ọ̀nà kejì yẹn nìkan tó láti tú àṣírí rẹ̀ pé kì í ṣe prime, kódà bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tó lè pín in. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ohun àgbàyanu inú ìṣirò, pé èèyàn lè mọ̀ dájú pé nọ́ńbà kan ṣeé pín láìtíì rí olùpín rẹ̀.

Tí ẹ bá ń wá prime gidi ní àdúgbò yìí, 4,294,967,291 ló sún mọ́ 2³² jù láti ìsàlẹ̀, 4,294,967,311 ló sún mọ́ ọn jù láti òkè.

Rúlà, kọ́ḿpáàsì àti ọmọ ọdún 18

Ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi rúlà tí kò ní àmì lára àti kọ́ḿpáàsì nìkan ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, onígun márùn-ún, àti onígun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sísọ ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po méjì rọrùn, torí náà àwọn tí 2 kò lè pín láìṣẹ́kù nìkan ló ní ìṣòro. Onígun 7 kọ̀ fún wọn. Onígun 9 kọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí kò sẹ́ni tó fi ẹyọ kan kún àwọn tí àwọn Gíríìkì mọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1796, Carl Friedrich Gauss ará Jámánì, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, rí i pé onígun 17 ṣeé yà. Nígbà tó di 1801 ó gbé òfin rẹ̀ jáde: iye ẹ̀gbẹ́ tí 2 kò pín ṣeé yà bó bá jẹ́ pé prime inú ìlà Fermat nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kankan wọn kò sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Pierre Wantzel fi ẹ̀rí múlẹ̀ ní 1837 pé kò sí òmíràn tó ṣeé ṣe. Òfin yìí náà ló sọ ìdí tí 9 fi kọ̀: 3 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yẹ kí ẹ ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Prime inú ìlà Fermat tí aráyé mọ̀ kò ju márùn-ún lọ, 3, 5, 17, 257, 65,537. Àwọn tó wà nínú nọ́ńbà wa gan-an ni. Nítorí náà gbogbo olùpín rẹ̀ yàtọ̀ sí 1 ló jẹ́ iye ẹ̀gbẹ́ tó ṣeé fi rúlà àti kọ́ḿpáàsì yà. 31 ni wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló sì tóbi jù. Friedrich Richelot ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè ya onígun 257 ní 1832. Johann Gustav Hermes lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lórí onígun 65,537, ó parí rẹ̀ ní 1894, ìwé tó kọ ọ́ sí sì wà ní yunifásítì Göttingen. Kò sẹ́ni tó ya onígun 4,294,967,295. Ká ní a fà á yí ayé ká lórí ìlà agbedeméjì ayé, tó gùn tó kìlómítà 40,075, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní tó sẹ̀ǹtímítà kan. Síbẹ̀ ìṣirò sọ pé ó ṣeé yà.

Ọ̀nà kan wà láti rí gbogbo 31 yẹn láìsọ nǹkan kan di púpọ̀. Ẹ kọ 1. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ 11. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ máa fi 1 bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì fi 1 parí rẹ̀; nínú àyè àárín, ẹ wo méjì tó wà lókè rẹ̀: bí wọ́n bá jọra, ẹ kọ 0; bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ kọ 1.

1
11
101
1111
10001
110011
1010101
11111111

Ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, níbi tí àyè tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti jẹ́ 1, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8. Ẹ óò rí 1, 3, 5, 15, 17, 51, 85, 255. Olùpín nọ́ńbà wa ni gbogbo wọn, láti kékeré sí ńlá, láìfo ọ̀kankan. Ẹ máa bá a lọ títí dé ìlà kejìlélọ́gbọ̀n, kìkì 1 ló máa wà níbẹ̀, 32 ni wọ́n, 4,294,967,295 sì ni. Ìlà tó tẹ̀lé e ní 1 lórí, 1 nídìí, 0 ló kún àárín. 4,294,967,297 nìyẹn, èyí tó ṣi Fermat lọ́nà, ibẹ̀ sì ni ìlànà náà ti já.

Ṣé prime mìíràn tún wà níwájú nínú ìlà Fermat? Èyí tó tẹ̀lé ti Euler ní díjíìtì 20, 18,446,744,073,709,551,617, Fortuné Landry sì tú u ní 1880: 274,177 × 67,280,421,310,721. Bí a bá ka 3 sí ẹni òdo tí 5 sì jẹ́ ẹni kìíní, 65,537 ni ẹni kẹrin. Láti ẹni karùn-ún títí dé ẹni kejìlélọ́gbọ̀n, wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé kò sí prime kankan. Ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n ni wọn kò tíì mọ̀. Ó ní díjíìtì tó lé ní bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi yẹ àwọn kan tó ṣáájú rẹ̀ wò kò sì tíì ṣeé lò fún un, àfi bí ẹnì kan bá bá olùpín rẹ̀ pàdé. Bó bá jẹ́ prime, 4,294,967,295 kò ní jẹ́ èyí tó tóbi jù mọ́ láàárín àwọn iye ẹ̀gbẹ́ tí 2 kò pín tí a mọ̀ pé ó ṣeé yà, torí pé a ó lè sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà prime tuntun yẹn.